Ọnà Lára Ògiri, Ọ̀nà Afẹ́fẹ́ Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, àwa oníṣẹ̀ṣe fúnra wa ni yóò kọ́kọ́ bá wí kí ó tó kan ìjọba.

Ọ̀rọ̀ méjì wà nínú èdè wa tí ohùn orí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohùn àárín ni ó bẹ̀rẹ̀ ọnà, èyí tí í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ agbẹ́gilére, aláró àti alágbẹ̀dẹ. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, èyí tí ènìyàn, omi àti afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní bá ṣi ọ̀kan pè fún èkejì, a ó rẹ́rìn-ín, a ó sì tún un ṣe fún un. Àwa àgbà ti ń ṣì í pè láti ọjọ́ pípẹ́ nínú ọ̀ràn ilé ìjọba, kò sì sí ẹni tí ó tún un ṣe fún wa. Nígbàkígbà tí ìjọba bá fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun, ọnà ni a ń béèrè: kí wọ́n gbẹ́ ère sí àbáwọlé, kí wọ́n ya ọpọ́n Ifá sí ara ògiri, kí wọ́n fi orúkọ akọni wa kan pe gbọ̀ngàn. A kì í béèrè ọ̀nà. Ọ̀nà wo ni afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé? Ọ̀nà wo ni ooru yóò gbà jáde? Ọ̀nà wo ni omi òjò yóò gbà, níbo ni yóò sì dúró sí? Ilé tí ó ní ọnà tí kò ní ọ̀nà, àjèjì tí a wọ agbádá fún ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ìwé kan gbé mi dé ilé iṣẹ́ ìjọba kan nílẹ̀ wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹ̀yin náà yóò rò pé ti ìlú yín ni mò ń wí. Ilé alájà mẹ́jọ ni. Dígí aláwọ̀ búlúù ni ó bò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ń kọ mànà nínú oòrùn. Lókè ilẹ̀kùn àbáwọlé ni ọpọ́n Ifá ńlá kan wà tí a fi igi gbẹ́, ojú Èṣù hàn kedere ní orí rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀gá ni. Àjà kẹfà ni mo ń lọ. Ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, iná lọ. Ẹ̀rọ amúnáwá kò dáhùn. Wọ́n ní epo dísẹ́ẹ̀lì ti tán. Kò sí fèrèsé kan tí ó ṣeé ṣí nínú gbogbo ilé náà, nítorí pé wọ́n kan dígí náà pa ni. Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, yàrá tí mo wà ti di ìkòkò tí a dé lórí iná. Àwọn òṣìṣẹ́ kó fáìlì wọn sí abíyá, wọ́n ń táràrà sọ̀kalẹ̀ nínú òkùnkùn àtẹ̀gùn. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó wá nítorí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti jókòó sórí àtẹ̀gùn àjà kẹta, ó ń fi ìwé rẹ̀ fẹ́ ara. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, mo bá ẹ̀ka iṣẹ́ náà lódindi lábẹ́ igi ọ̀dán kan ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà, wọ́n ti to àga yí ìdí rẹ̀ ká. Akọ̀wé tí ìwé mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ rí ìdè tí ó wà ní ọrùn ọwọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹ jókòó, Bàbá Awo. Ọ́físì wa gan-an nìyí. Òkè yẹn, ti ọjọ́ tí iná bá wà ni."

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lábẹ́ ọ̀dán náà. Kò mu epo, kò sì béèrè ẹ̀yà tuntun láti òkè òkun. Àwọn baba wa tí ó ń gbin ọ̀dán sí ojúde ọba àti sí àárín ọjà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: gbọ̀ngàn ìpàdé ìlú ni wọ́n ń gbìn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mí jù ní ọjọ́ náà ni ọpọ́n Ifá orí ilẹ̀kùn yẹn. Mo mọ̀ ọ́n. Mo wà lára àwọn awo tí wọ́n pè nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀. A dá Ifá, a rú ẹbọ, a bọ Ilẹ̀, a sì fi dandan lé e pé kí wọ́n gbẹ́ ọpọ́n sí àbáwọlé. Wọ́n gbà fún wa. Wọ́n fún wa lówó, wọ́n fún wa lóúnjẹ, a ya fọ́tò. Àwòrán ilé náà wà lórí tábìlì níwájú wa ní gbogbo àkókò yẹn, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí ó tẹ̀ síwájú láti wò ó. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ó jẹ̀bi, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mi.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a fi ilé ìjọba mìíràn wé e, bí ó tilẹ̀ jìnnà sí wa. Ní ọdún 2006, ìjọba ìlú Melbourne ní ilẹ̀ Ọsirélíà ṣí ilé iṣẹ́ kan ní òpópónà Little Collins. Council House 2 ni wọ́n ń pè é, CH2 ní kúkúrú. Ilé alájà mẹ́wàá ni. Àwòrán ìkọ́lé rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gba ìràwọ̀ mẹ́fà láàárín àwọn ọ́físì ilẹ̀ náà, ipò tí ó ga jù lọ nínú ìdíwọ̀n Green Star tí wọ́n fi ń mọ ilé tí kò ba àyíká jẹ́. Kò sí ọpọ́n Ifá lára rẹ̀. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń gbé ayé.

Pákó tí a ti lò rí ni ó bo apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, pákó náà sì ń yí bí oòrùn ti ń rìn: wọn a ṣí sílẹ̀ ní òwúrọ̀, wọn a pa dé nígbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá kọjú sí wọn. Ní apá gúúsù ni àwọn ihò gígùn aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ wà tí ń mú afẹ́fẹ́ tuntun bọ̀ láti orí òrùlé wá sínú àjà kọ̀ọ̀kan. Ní apá àríwá, ibi tí oòrùn ń gbé pọ̀ sí ní ìhà ayé tiwọn, ni àwọn ihò aláwọ̀ dúdú wà. Oòrùn a mú wọn gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná inú wọn a sì máa gòkè jáde, àwọn ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí lórí òrùlé a bá a fà á. Afẹ́fẹ́ ìta pátá ni àwọn òṣìṣẹ́ ń mí. A kì í dá èyí tí ẹlòmíràn ti mí padà sí wọn. Fèrèsé àwọn àjà ìsàlẹ̀ tóbi ju ti òkè lọ, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kì í tó ní ìsàlẹ̀ níbi tí ilé gíga bá ti yí ara wọn ká.

Lóru, nígbà tí ìta bá tutù, àwọn fèrèsé a ṣí fúnra wọn. Afẹ́fẹ́ òru a wọlé, a gba ooru ọ̀sán kúrò lára àjà kọnkéré tí wọ́n ṣe ní onígbì bí ojú omi, kọnkéré náà a sì mú òtútù yẹn de àwọn òṣìṣẹ́ títí di ọjọ́ kejì. Ní ìta ni òpó gígùn márùn-ún wà tí omi ń rọ̀ nínú wọn bí òjò, tí ó ń mú afẹ́fẹ́ tutù fún ìsàlẹ̀ ilé. Nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún bọ́ọ̀lù irin wà tí iyọ̀ inú wọn ń dì, tí ó sì ń yọ́, ní ìwọ̀n 15 ti Celsius. Wọ́n ń tọ́jú òtútù bí àmù ti ń tọ́jú omi. Nígbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n ṣètò rẹ̀ láti máa fa omi ẹ̀gbin tí ń ṣàn lábẹ́ òpópónà wọlé, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n fi ṣan ilé ìyàgbẹ́, kí wọ́n sì fi bomi rin ewéko. Àwọn tí ó ya ilé náà ṣírò pé omi ẹ̀rọ tí yóò máa lò yóò fi ìpín 72 nínú 100 dín sí ti ilé iṣẹ́ wọn àtijọ́. Ẹ wo iye ọ̀nà tí ó wà nínú ilé kan ṣoṣo: ọ̀nà afẹ́fẹ́, ọ̀nà ooru, ọ̀nà ìmọ́lẹ̀, ọ̀nà omi.

Ta ni ó kọ́ wọn ní èyí? Mick Pearce, ayàwòrán-ilé tí a bí ní Zimbabwe, ni ó ṣáájú àwọn tí ó ya CH2. Kí ó tó dé Melbourne ni ó ti ya Eastgate Centre ní Harare, ilé ìtajà àti ọ́físì tí ó parí ní ọdún 1996, tí a kò fi ẹ̀rọ amúlétutù bí a ti mọ̀ ọ́n sí. Ó sì sọ ní gbangba pé ara ọ̀gán ni òun ti kọ́ ọgbọ́n náà. Ọ̀gán ni mo wí, òkìtì ikán tí gbogbo wa ń rí lójú ọ̀nà oko.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan nínú wa fẹ́ sọ: "Ẹ ò rí i? Wọ́n tún ti jí tiwa." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ọmọ tí ó mọ̀wé. Ọ̀gán kì í ṣe ohun ìní Yorùbá. Pearce kò jí ẹsẹ̀ Ifá kankan. Ó wo ẹ̀dá, ó bi í léèrè, ó sì fi ohun tí ó gbọ́ kọ́lé. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Àwa tí a ní orúkọ fún ọ̀gán, fún ikán àti fún ẹ̀súnsún, ìgbà wo ni a bi òkìtì náà ní ìbéèrè kan gbẹ̀yìn? Igbe olè yìí ti di oògùn oorun fún wa. Ẹni tí ó bá ń pariwo pé wọ́n jí òun ní ohun tí òun kò lò, kò ní rántí láti lo èyí tí ó kù.

Ẹ̀kọ́ náà kò sì parí sí ọ̀dọ̀ Pearce. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ méjì, J. Scott Turner àti Rupert Soar, fi ìwádìí wọn hàn pé ọ̀gán kò yé àwọn ayàwòrán-ilé tó bí wọ́n ti rò. Kì í ṣe mímú ilé ikán tutù ni iṣẹ́ òkìtì náà gan-an. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mí: ó ń lo afẹ́fẹ́ ìta tí ń lọ tí ń bọ̀ láti fi gbé èémí tí ó ti bàjẹ́ jáde, kí tuntun lè wọlé, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí mo ka èyí, iṣẹ́ èdè tí mo ń ṣe ni ó sọ sí mi lọ́kàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe mí ni a fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan tí ó fi di ẹ̀mí. Èdè wa kò mọ ẹ̀mí kan tí kì í mí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dúró níwájú wa pé ilé kan ní ẹ̀mí Yorùbá, kí ó kọ́kọ́ fi hàn wá bí ilé náà ṣe ń mí.

Kì í ṣe pé a kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ rántí agbo ilé: ògiri amọ̀ tí ó nípọn, tí í pẹ́ kí ooru tó la á kọjá, òrùlé tí ó yọ síta kí oòrùn àti òjò má baà kan ògiri, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó yí àgbàlá ká, ibi tí iṣẹ́, ọ̀rọ̀ àti àlejò ń gbé ní ọ̀sán, àgbàlá tí ó ṣí sí ojú ọ̀run, tí omi òjò ń ti orí òrùlé dà sí, tí a sì ń gbè é sínú ìkòkò. Ní Ọ̀yọ́, ọdún Bẹẹrẹ ni ìgbà tí àwọn ìlú ń ru koríko wá láti fi tún òrùlé ààfin ṣe. Ẹ kíyè sí i dáadáa: títún ilé ìjọba ṣe ni wọ́n sọ di ọdún, kí ọba tí ó bá jẹ má baà gbàgbé. Lónìí, ilé iṣẹ́ ìjọba a máa jò fún ọdún mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó gun òrùlé rẹ̀.

Àwọn àjèjì pàápàá ti fi ọgbọ́n kọ́lé sí àárín wa. Maxwell Fry àti Jane Drew wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ya Yunifásítì Ìbàdàn: ògiri onihò tí ń dá oòrùn dúró tí ó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá, àti yàrá tí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kí ó gba èkejì jáde. Arieh Sharon wá láti Ísírẹ́lì, ó ya ọgbà yunifásítì Ilé-Ifẹ̀. Ẹ lọ wo àwọn ilé tí àjà òkè wọn yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, tí òkè fi ń ṣe agbòòrùn fún ìsàlẹ̀. Demas Nwoko, tí ó fi Ìbàdàn ṣe ibùdó iṣẹ́ fún ọjọ́ pípẹ́, fi ilẹ̀ pupa pò mọ́ símẹ́ńtì kọ́lé, ó sì kọ́ bí a ti ń mú ìmọ́lẹ̀ wọlé láìmú ooru wọlé. Àgbáyé fún un ní Kìnnìún Wúrà ní Venice ní ọdún 2023. Gbogbo èyí ni àwọn tí ó ń fọwọ́ sí ilé dígí ń wakọ̀ kọjá lára rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé gíga kì í ṣe ọ̀tá. Ọdún 1965 ni Ilé Kòkó ti dúró ní Ìbàdàn ní alájà 26, owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa ni a sì fi kọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi orúkọ wa sọ pé kí ìjọba padà sí ilé amọ̀ alájà kan. Ilẹ̀ ìlú kò tó mọ́, iṣẹ́ ìjọba sì ti pọ̀. Ohun tí mò ń bá jà ni ilé gíga tí a gbé kalẹ̀ bí ẹni pé ojú ọjọ́ kò sí.

Àwọn ẹlẹ́rọ inú wa yóò dá mi lóhùn pé Melbourne kì í ṣe Èkó. Òtítọ́ ni, ó sì yẹ kí a gbà á. Òru ibẹ̀ a máa tutù lẹ́yìn ọ̀sán gbígbóná, òru Èkó a máa móoru, ọ̀rinrin a sì kún inú afẹ́fẹ́. Bí a bá ṣí fèrèsé lóru ní oṣù kẹrin, ìwọ̀nba òtútù ni a ó rí kó sínú kọnkéré. Omi tí ń rọ̀ nínú òpó kò lè ṣe púpọ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbé omi yó. Ẹni tí ó bá ṣe àdàkọ CH2 sí Ìkẹjà ti tún ṣe àṣìṣe ilé dígí lẹ́ẹ̀kejì ni: yóò tún ra ilé tí a rán fún ara ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun tí Pearce ṣe, kí a bi ojú ọjọ́ tiwa léèrè. Níhìn-ín, oòrùn ń gba òkè orí wa kọjá, ògiri ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn ni ó ń jìyà jù. Nítorí náà, kí ilé na ara rẹ̀ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí ó má fẹ̀ jù, kí afẹ́fẹ́ lè la á kọjá. Kí òjìji bo gbogbo fèrèsé. Kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà ní àjà kọ̀ọ̀kan. Nígbà ọyẹ́, tí òru bá tutù tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, kí ilé lè ṣí ojú rẹ̀ lóru bí ti Melbourne. Kí ó gbe omi òjò, nítorí òjò tí ń rọ̀ sí orí wa kò kéré. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá sì pọn dandan fún yàrá kan tàbí méjì, kí ó jẹ́ olùrànlọ́wọ́, kí ó má jẹ́ ẹ̀mí ilé.

Àwọn ará ìjọba a máa sọ pé owó kò sí fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Òjìji kì í náni tó dígí. Kíkọ ojú ilé sí ibi tí ó yẹ kò ju kí a yí ìwé àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ lọ. Owó tí ó tóbi jù lára ilé dígí ni èyí tí a kì í rí ní ọjọ́ ìṣílé: owó epo dísẹ́ẹ̀lì, owó àtúnṣe ẹ̀rọ, owó iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe ní ọjọ́ tí iná kò sí. Wọn a tún sọ pé dígí ni ọ̀làjú. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà: là àti ojú ni ó wà nínú rẹ̀. Ilé tí a di gbogbo ojú rẹ̀ pa, tí ojú fèrèsé kan kò là nínú rẹ̀, ni wọ́n ń pè ní ọ̀làjú!

Mo padà sọ́dọ̀ wa, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni ẹjọ́ yìí wà. A ń júbà Ọya, a mọ̀ pé tirẹ̀ ni afẹ́fẹ́; kí ni ó ń mú wa súre fún ilé tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn? A ń bọ Ilẹ̀ ní ìpìlẹ̀, a ń tú epo àti omi tútù sí i; ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọn a da kọnkéré bo gbogbo ọgbà títí dé ìdí odi, kò sí ibi tí Ilẹ̀ yóò ti tún mu omi mọ́, àgbàrá a sì wọ ilé àwọn aládùúgbò. A ń pe Ọ̀ṣun ní ìyá, ilé tí a súre fún a sì máa da ẹ̀gbin rẹ̀ sí odò. Irú ẹbọ wo nìyẹn? Mo lè ki ẹsẹ̀ Ifá lórí ilé kíkọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, n kò sì ní kì ọ̀kan níhìn-ín, nítorí mo ti rí i pé a ń fi ẹsẹ̀ Ifá bo ìbéèrè mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo yín mọ̀ ti tó: ìwà lẹwà. Ọpọ́n orí ilẹ̀kùn ni ẹwà ilé yẹn. Ìwà rẹ̀ ni ìyá arúgbó orí àtẹ̀gùn.

Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ mélòó kan nílẹ̀ wa kéde ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún 2023 gẹ́gẹ́ bí ọlidé ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, a yọ̀, ó sì yẹ kí a yọ̀. Ó fi hàn pé ohùn wa ń dé etí wọn. Bí ohùn wa bá lè gba odindi ọjọ́ kan lọ́wọ́ ìjọba, ó lè gba fèrèsé kan tí ó ṣeé ṣí.

Àbá mi nìyí, mo sì gbé e síwájú ẹ̀yin àgbà awo, ẹ̀yin ìyá àti bàbá olórìṣà, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àṣà. Láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe lọ síbi ìpìlẹ̀ ilé ìjọba láìrí àwòrán rẹ̀, kí a sì mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ó kọ́ iṣẹ́ ìyàwòrán-ilé dání, wọ́n pọ̀ láàárín wa. Kí a béèrè ohun márùn-ún.

Èkíní: bí iná bá lọ ní ọ̀sán, ṣé ènìyàn yóò lè jókòó ṣiṣẹ́ nínú yàrá kọ̀ọ̀kan títí di ìrọ̀lẹ́?

Èkejì: kí ni ó ń dá oòrùn dúró ní ara ògiri ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn?

Ẹ̀kẹta: níbo ni òjò orí òrùlé ń lọ, apá wo nínú ọgbà ni a sì fi sílẹ̀ kí Ilẹ̀ lè mu omi?

Ẹ̀kẹrin: igi wo ni wọn yóò gé, igi wo ni wọn yóò dá sí?

Ẹ̀karùn-ún: ta ni yóò máa tún ilé náà ṣe, ìgbà wo nínú ọdún, owó wo ni a yà sọ́tọ̀ fún un?

Bí wọ́n bá dáhùn, kí a wọlé, kí a dá Ifá, kí a rú ẹbọ tọkàntọkàn, kí a sì béèrè ọnà pẹ̀lú, nítorí ilé tí ó ní ọ̀nà yẹ fún ọnà. Bí wọn kò bá dáhùn, kí a kí wọn, kí a padà sílé. Mo mọ̀ pé wọ́n lè pe awo mìíràn ní ọjọ́ kejì, mo sì mọ̀ pé owó ìpìlẹ̀ wà lára ohun tí àwọn kan nínú wa fi ń bọ́ ọmọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò rọrùn. Ṣùgbọ́n ìbùkún tí a ń tà láìbéèrè kò yàtọ̀ sí ọpọ́n orí ilẹ̀kùn yẹn: a gbẹ́ ẹ dáadáa, kò sì ní iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe fún ẹni tí ó wà nínú ilé.

Ní tèmi, mo ti kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ tí mo sọ ìtàn rẹ̀. N kò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wó ilé. Mo ní kí wọ́n yọ dígí kan nínú mẹ́ta ní àjà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi fèrèsé tí ó ṣeé ṣí rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n ṣe agbòòrùn sí apá ìwọ̀-oòrùn, kí wọ́n má sì gé ọ̀dán náà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó súre fún ìpìlẹ̀, àti pé mo jẹ ilé náà ní gbèsè. Wọn kò tíì dá mi lóhùn. N óò tún kọ òmíràn.

Ìṣẹ̀ṣe làgbà. Kí Ilẹ̀ má ṣe kọ ẹbọ wa, kí afẹ́fẹ́ ire máa fẹ́ sí ilé oníkálukú wa. Àṣẹ.